Iye Ìyàtọ̀ Tí A Kà Kọ́ Ni Iye Àyípadà Tó Ṣẹlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tòní ní ìṣirò díẹ̀ nínú, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má sá. Bí ẹ bá lè ka iye ilẹ̀kùn tó wà ní òpópónà yín, ẹ ó bá mi dé òpin rẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, àìsàn mpox, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní àrùn ọ̀bọ nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní London. Láìpẹ́, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka àwọn lẹ́tà inú DNA fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á. Wọ́n rí i pé ó fi nǹkan bí 50 lẹ́tà yàtọ̀ sí àwọn tí wọ́n ti rí ní 2018 àti 2019. Brockley ni mò ń gbé, ní gúúsù London, Peckham ò sì jìnnà sí wa. Ẹ̀yin náà mọ bí ìròyìn ṣe ń rìn láàárín wa: kí ẹni tó lọ ra iṣu tó padà délé, gbogbo WhatsApp ti gbọ́. Àwọn kan ní, "50 kẹ̀? Ènìyàn ló ṣe é ní lábù." Àwọn mìíràn ní, "50 péré nínú lẹ́tà bí 197,000? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ jàre."

Lójú tèmi, ohun kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe. Wọ́n mú iye tí wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi ṣèdájọ́ lójú ẹsẹ̀, láìbéèrè irú ọ̀pá ìwọ̀n tó yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Èrò mi nìyí: kíka ìyàtọ̀ kò tíì tó. Kí a tó lè sọ bí ìran méjì ṣe jìnnà síra, a gbọ́dọ̀ mọ bí àyípadà ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, a sì gbọ́dọ̀ ní àpẹẹrẹ tó pọ̀ láti ibi tí nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Bí a bá ṣi ọ̀pá ìwọ̀n mú, ìtàn tí a ó sọ yóò yí padà, àwọn ènìyàn gidi ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ilẹ̀kùn àti ọlọ́dà

Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní: A, C, G àti T. Bí ohun abẹ̀mí bá ń bímọ, ó ń da lẹ́tà wọ̀nyí kọ. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà kan a máa yí padà di òmíràn. Bí ìran méjì bá ti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà wá, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni lẹ́tà wọn ń yàtọ̀ síra sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ láti àdúgbò mi. Brockley kún fún àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n so mọ́ra wọn ní ìlà gígùn, ilẹ̀kùn wọn sì ní oríṣiríṣi àwọ̀. Ẹ fojú inú wo òpópónà méjì bẹ́ẹ̀, tí ilé 100 wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn parí, òpópónà méjèèjì bára mu: àwọ̀ ilẹ̀kùn kìíní níbí ni àwọ̀ ilẹ̀kùn kìíní lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ títí dé ọgọ́rùn-ún. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n ń tà lọ́jà: dúdú, aró, pupa, àti àwọ̀ ìyeyè. Lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù onílé bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilẹ̀kùn rẹ̀ bó bá ṣe wù ú.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ rìn gba òpópónà méjèèjì kọjá. Ẹ kà á pé ilẹ̀kùn 30 ni kò bára mu mọ́. Ṣé ìgbà 30 ni ọlọ́dà ṣiṣẹ́? Rárá o. Ilẹ̀kùn kan lè jẹ́ dúdú tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kùn ún ní pupa, kí wọ́n sì tún dá a padà sí dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn ún, àmọ́ òdo ni ẹ kà. Òmíràn kúrò ní dúdú, ó di aró, ó tún di ìyeyè: ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ sì ka ẹyọ kan. Ó tún lè jẹ́ pé onílé kejìlá níbí àti onílé kejìlá lọ́hùn-ún ra ọ̀dà pupa láìmọ ara wọn rí. Ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn náà, òdo ni ẹ ó kọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ software bíi tèmi, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣe diff láàárín fáìlì méjì, ohun tó yàtọ̀ lónìí nìkan ni yóò fi hàn yín. Kò ní sọ fún yín pé ẹnì kan yí ìlà kejìdínlógún padà lẹ́ẹ̀mẹrin kí ó tó dá a padà sí bó ṣe wà. Log ló máa ń sọ ìyẹn. Ìṣòro tó wà nínú DNA ni pé diff nìkan la ní, log ti sọnù. A gbọ́dọ̀ fi ìṣirò wá ohun tí log ì bá sọ.

Ìṣirò tó ń wá ohun tó sọnù

Ní ọdún 1969, Thomas Jukes àti Charles Cantor tẹ ìdáhùn kan jáde. Wọ́n ní: ẹ jẹ́ ká gbà pé gbogbo àwọ̀ dọ́gba lójú ọlọ́dà, gbogbo ilẹ̀kùn náà sì dọ́gba. Bí p bá jẹ́ ìdá tí ẹ rí pé ó yàtọ̀, ìjìnnà gidi, ìyẹn d, ni:

d = −¾ × ln(1 − 4p/3)

Kò ju ìlà kan lọ nínú Python. Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Bí ilẹ̀kùn 5 nínú 100 bá yàtọ̀, iye ìgbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn jẹ́ nǹkan bí 5.2, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ kà. Bí 30 bá yàtọ̀, ó di 38. Bí 50 bá yàtọ̀, ó di 82. Bí 60 bá yàtọ̀, ó di 121, ó ti ju iye ilẹ̀kùn òpópónà kan lọ! Bí ó bá wá dé 75, ìṣirò náà á ní òun ò mọ̀ mọ́. Ìdí rẹ̀ rọrùn: bí àwọ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, bí ọlọ́dà tilẹ̀ kun ohun gbogbo títí tí kò fi sí ẹni tó rántí àwọ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn kan nínú mẹ́rin ṣì máa bára mu, oríire lásán ni. Tí ẹ bá ti dé ibẹ̀, ìyàtọ̀ ò lè pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí ọdún pẹ́ tó.

Àmọ́, ṣé lóòótọ́ ni gbogbo àwọ̀ dọ́gba? Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, ẹ ti gbọ́ ọ: aró, dúdú ni wọ́n ń pè é. Àwọ̀ ìyeyè sì rèé, pupa ni lẹ́nu wọn. Nínú èdè wa, ìdílé àwọ̀ ló wà. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ wà nínú DNA náà. A àti G jọ ra wọn, C àti T jọ ra wọn, lẹ́tà sì máa ń tètè yí padà sí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ju àjèjì lọ. Ní 1980, Motoo Kimura, ọmọ ilẹ̀ Japan, kọ ìṣirò tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ tún wo ilẹ̀kùn 30 wa. Bí 25 nínú wọn bá jẹ́ àyípadà láàárín ìdílé, tí 5 jẹ́ sí ìta, ìṣirò Kimura fún wa ní nǹkan bí 43, kì í ṣe 38 mọ́.

Ilẹ̀kùn ńkọ́, ṣé wọ́n dọ́gba? Onílé kan wà tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ilẹ̀kùn bàbá rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ ń pààrọ̀ àwọ̀ lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni DNA: lẹ́tà kan wà tó jẹ́ pé bó bá yí padà, ohun abẹ̀mí náà á kú, òmíràn wà tí kò kan ẹnikẹ́ni. Ní 1993, Ziheng Yang, tó ń ṣiṣẹ́ báyìí ní University College London níbí, fi hàn bí a ṣe lè fi aidọ́gba yìí kún ìṣirò. Ó gba lílo òǹkà kan tó ń sọ bí aidọ́gba náà ṣe pọ̀ tó. Bí òǹkà yẹn bá jẹ́ 1, ilẹ̀kùn 30 kan náà, kódà pẹ̀lú ìṣirò Jukes àti Cantor, á di 50.

Ẹ rí i báyìí: 30 tí a kà ti di 38, ó di 43, ó di 50. Ilẹ̀kùn kan ò kúrò ní àyè rẹ̀. Ohun tí a gbà gbọ́ nípa ọlọ́dà ló yí padà. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ sọ iye wákàtí tí ẹnì kan fi rìn dé ọjà gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí onítọ̀hún gbà.

Eku Ọ̀wọ̀ àti ti Irrua

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò yìí lọ sílé. Ọdún 1969 tí Jukes àti Cantor kọ ìṣirò wọn náà ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Borno lónìí. Eku ilé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń bá oúnjẹ àti ilé jẹ́. RNA ni fáírọ́ọ̀sì yìí ń lò dípò DNA, U ló sì dúró ní àyè T, àmọ́ ìṣirò kan náà ló ń bá a lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ibà Lassa pọ̀ ní Nàìjíríà ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìpínlẹ̀ Edo àti Ondo wà lára ibi tó le jù. Ilé ìwòsàn Irrua àti ti Ọ̀wọ̀ kún. Kó tó di òpin ọdún náà, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní i ti lé ní 600. Ìbẹ̀rù dé. Ṣé ẹ̀yà tuntun ló jáde? Ṣé ó ti ń kọjá láti ara ènìyàn sí ènìyàn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Bó bá jẹ́ láti ara ènìyàn ni, àfi ká máa wá ẹni tó fara kan aláìsàn, ká sì yà á sọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ láti ara eku ni, àfi ká máa bo oúnjẹ, ká dí ihò ilé, ká má sá gààrí sí ẹ̀gbẹ́ títì níbi tí eku lè dé.

Àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń ka lẹ́tà jíìnì lọ sí Irrua, wọ́n sì ń ka fáírọ́ọ̀sì àwọn aláìsàn nígbà tí àjàkálẹ̀ náà ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ilé ìwádìí ACEGID ní Redeemer's University ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi dá sílẹ̀, wà lára àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìdáhùn tí wọ́n rí bára mu. Fáírọ́ọ̀sì aláìsàn kan jìnnà sí ti èkejì ju ohun tó yẹ lọ bó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló kó o ran ìkejì. Ẹ ṣe ìṣirò ọ̀hún: fáírọ́ọ̀sì Lassa ní lẹ́tà tó lé ní 10,000, ó sì ń yí nǹkan bí 1 nínú 1,000 padà lọ́dún. Èyí jẹ́ bíi 10 lọ́dún. Bí ènìyàn bá kó o ran ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ó yẹ kí fáírọ́ọ̀sì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn wọ̀nyí kò rí bẹ́ẹ̀. Baba ńlá tó so wọ́n pọ̀ ti wà láti ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, nínú eku. Èyí túmọ̀ sí pé eku ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kó o ran ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn aláìsàn náà. Kò sí ẹ̀yà tuntun tó ń sáré láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ìròyìn yẹn dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ ìlera nígbà tó ṣì wúlò.

Nínú Lassa yìí kan náà ni a ti rí ìdí tí kíka lásán fi lè tàn wá jẹ. Bí a bá fi ẹ̀yà Nàìjíríà wé ti Sierra Leone, ìyàtọ̀ wọn lè lé ní 25 nínú 100 lẹ́tà ní àwọn apá kan. Ẹ rántí òpópónà wa: ní irú àyè yẹn, ọ̀pọ̀ àyípadà ti bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi iye tó kà wọn ọdún, baba ńlá wọn á kéré lójú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí kan tí Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ìwé ìròyìn Cell tẹ̀ jáde ní 2015, lo ìṣirò tó lágbára ju ti Jukes àti Cantor lọ, wọ́n sì rí i pé Lassa ti wà ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún kó tó gba ìwọ̀ oòrùn lọ. Àìsàn tí a fún lórúkọ ní 1969 ti wà pẹ̀lú wa látijọ́. Ìyẹn yí ojú tí a fi ń wò ó padà: ìṣòro ilé tó ti pẹ́ ni, ó sì yẹ ká bá a jà bí ìṣòro ilé, kì í ṣe bí àlejò tó máa lọ.

Ọlọ́dà alágolo kan

Ẹ jẹ́ ká padà sórí mpox àti lẹ́tà 50 yẹn. Nínú 197,000 lẹ́tà, 50 kéré débi pé ìṣirò Jukes àti Cantor kò ní fi nǹkan kan kún un. Ọ̀pá ìwọ̀n tó ṣòro níbí jẹ́ ti ìkejì: ta ni ọlọ́dà, báwo ló sì ṣe ń yára tó?

Ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nípa ìdílé fáírọ́ọ̀sì yìí ni pé ó ń yí nǹkan bíi lẹ́tà 1 sí 2 padà lọ́dún. Láti 2018 sí 2022, ó yẹ kí wọ́n rí 4 sí 8. Wọ́n rí 50. Ibi tí ìtàn "wọ́n ṣe é ní lábù" ti rí ẹsẹ̀ dúró nìyẹn.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo irú àyípadà tó wà níbẹ̀, kì í ṣe iye rẹ̀ nìkan, nǹkan mìíràn jáde. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ irú kan ṣoṣo: TC di TT, tàbí GA di AA, èyí tí í ṣe ohun kan náà bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́ kejì okùn DNA. Ó dà bí ìgbà tí ọlọ́dà kan tó ní agolo ọ̀dà kan ṣoṣo ń rìn ní òpópónà, tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn pupa nìkan ló ń kùn. Àwọn onímọ̀ mọ ọlọ́dà yìí. APOBEC3 lorúkọ rẹ̀, purotéènì kan ni tó wà nínú ara ènìyàn, tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà nípa bíba lẹ́tà rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá ba lẹ́tà jẹ́ tán tí fáírọ́ọ̀sì náà kò sì kú, àpá rẹ̀ á wà níbẹ̀ títí. Nínú ẹranko tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà nínú igbó, àpá irú èyí kò pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, àpá wọ̀nyí jẹ́ aago. Áine O'Toole, Andrew Rambaut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ya àyípadà APOBEC3 sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, wọ́n fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀, wọ́n sì rí i pé ó ń lọ bíi 6 lọ́dún. Nígbà tí wọ́n fi aago yẹn ka ọdún sẹ́yìn, ó fi hàn pé mpox ti ń kọjá láti ara ènìyàn sí ènìyàn láti 2016, ó kéré tán. Ìwé ìròyìn Science tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2023. Ní 2025, iṣẹ́ mìíràn tí ACEGID lọ́wọ́ sí jáde nínú Nature. Wọ́n ní àpẹẹrẹ púpọ̀ sí i láti Nàìjíríà àti Cameroon, ọjọ́ náà sì tún lọ sẹ́yìn, sí nǹkan bí 2014, ní gúúsù Nàìjíríà.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ ro ìyẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, Dókítà Dimie Ogoina rí ọmọkùnrin ọdún 11 kan tó ní àìsàn yìí ní ilé ìwòsàn Niger Delta University ní Bayelsa, lẹ́yìn ọdún 39 tí wọn kò ti rí i ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbàlagbà, pàápàá àwọn ọ̀dọ́kùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ogoina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2019 pé ó ṣeé ṣe kí ó máa ti ibi ìbálòpọ̀ kọjá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, arìnrìn-àjò láti Nàìjíríà ti gbé e dé Britain. Síbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ayé gbà ni pé ẹran igbó ló ń fa gbogbo rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ilé àwọn kan lọ́hùn-ún ni. Àfi ìgbà tó dé London ni gbogbo ayé tó dìde. Ní ìgbà ooru 2022, wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní London. Nàìjíríà kò rí abẹ́rẹ́ mpox àkọ́kọ́ gbà títí di oṣù Kẹjọ 2024: 10,000 péré, láti Amẹ́ríkà.

Nígbà tí wọ́n wá lo ọ̀pá ìwọ̀n tó tọ́, DNA jẹ́rìí sí ohun tí dókítà Bayelsa ti fojú rí. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹ̀rí náà wà nínú àwọn lẹ́tà yẹn láti ọjọ́ yìí wá. Àpá ọlọ́dà ti wà lára ilẹ̀kùn.

Àwọn tí kò gbà

Ẹnì kan lè sọ pé: bí ìyàtọ̀ bá kéré, 5 di 5.2, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Òdodo ọ̀rọ̀ ni, bó bá jẹ́ ti àyípadà tó bo ara wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mpox ti dá a lóhùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré gan-an, síbẹ̀ ìtàn méjì tó jìnnà síra, ti lábù àti ti Bayelsa, ló jáde láti inú iye kan náà.

Ẹlòmíràn lè ní: ó dáa, ẹ jẹ́ ká máa lo ìṣirò tó díjú jù nígbà gbogbo. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ náà. Ìṣirò tó ní òǹkà púpọ̀ nílò dátà púpọ̀, bí dátà kò bá tó, ariwo ni yóò máa kọ́ bí orin. Àní ti Jukes àti Cantor tó rọrùn jù, ẹ wo ohun tó ń ṣe nítòsí òpin rẹ̀: ilẹ̀kùn 70 tó yàtọ̀ fún wa ní 203, 72 fún wa ní 241. Ilẹ̀kùn méjì péré ló fi 38 kún un! Ẹni tó ṣàṣìṣe kíkà lẹ́ẹ̀mejì ti sọ ọ̀pọ̀ ọdún kún ìtàn. Ní irú ibẹ̀, ohun tó tọ́ ni kí a sọ pé ọ̀pá yìí kò lè wọ̀n ọ́n mọ́, kí a wá apá DNA mìíràn tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́ ni: ìṣirò gbọ́dọ̀ bá dátà mu.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ètò wa. Nígbà mìíràn tí ẹ bá ka àkọlé pé fáírọ́ọ̀sì kan "ti yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan", ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Kí ni wọ́n kà? Irú àyípadà wo ni, ta ló sì ṣeé ṣe kó fà á? Ibo ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ? Tí ìròyìn náà kò bá dáhùn ìkankan, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ìyá yín.

Ìkejì, ẹ̀yin onímọ̀ kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ mi. Púpọ̀ nínú wa ló ń lo iye ìyàtọ̀ lásán nítorí pé ó yára, ó sì rọrùn láti kọ. Ẹ lò ó bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ fáìlì tó jọra. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọdún, tàbí ẹni tó kó àìsàn ran ẹnì kan, ẹ kọ́kọ́ sọ fún òǹkàwé yín ohun tí ẹ gbà gbọ́ nípa ọlọ́dà. Ẹ kọ ọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i.

Ìkẹta, ó kan owó. Láti Ẹdẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka gbogbo lẹ́tà kòrónà ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní oṣù Kẹta 2020. Àwọn àpẹẹrẹ tuntun láti Nàìjíríà àti Cameroon ló gbé ọjọ́ mpox láti 2016 lọ sí 2014. Kò sí ìṣirò kan ní Brockley tàbí ní Edinburgh tó lè ṣe ìyẹn láìsí ẹni tó gba àpẹẹrẹ ní Bayelsa, tó gbé e sínú yìnyín, tó sì kà á nígbà tí iná ọba kò sí. A ń fi owó ránṣẹ́ sílé fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, ó dára. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Peckham lè fi ẹ̀kọ́ ọmọ kan tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ lábù ní Ẹdẹ tàbí Irrua kún un. Àwọn lẹ́tà Lassa àti mpox láti Nàìjíríà wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú GenBank fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ mú méjì, ẹ ka ìyàtọ̀ wọn, ẹ fi sínú ìlà Python kan ṣoṣo yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó gba ohun tó bá jáde gbọ́, ẹ béèrè irú ọlọ́dà tó kọjá níbẹ̀.